Eré orí fóònù àti kọ̀ǹpútà nínú kíláàsì Faransé: kí ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí fóònù, dátà àti iná ti ṣọ̀wọ́n?

Olùkọ́ JSS2

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ èdè. Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS2. Ọmọ 48 ló wà nínú kíláàsì, ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n fún wa, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ò ju pírójẹ́kítọ̀ kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti fóònù ọwọ́ mi. Àwọn ọmọ ò gbọ́dọ̀ mú fóònù wá sílé ẹ̀kọ́. Iná ń ṣe ségesège, dátà náà ò sì pọ̀. Wọ́n wá ní ká bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ wọn. Kahoot, Quizlet, Blooket, Wordwall, èwo ló ṣeé lò níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ áàpù nìkan ò tó mi. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́.

Páálí àti Kámẹ́rà

Ẹ fi Kahoot sílẹ̀ ná. Níbi tí fóònù ò ti sí lọ́wọ́ ọmọ, Plickers ló bá yín mu. Káàdì bébà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mú dání, fóònù yín á sì fi kámẹ́rà ka gbogbo káàdì náà lẹ́ẹ̀kan.

Àwòrán dúdú kan wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, kò sí méjì tó jọra. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán yìí ní A, B, C àti D, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ kí ẹni tó jókòó tì í má baà rí i kà. Tí ìdáhùn ọmọ bá jẹ́ B, á yí káàdì títí B á fi bọ́ sókè. Ẹ̀yin á ṣí áàpù, ẹ ó rọra gbé fóònù láti òsì lọ sí ọ̀tún. Orúkọ ẹni tó gbà á àti ẹni tó ṣì í á máa yọ lójú fóònù yín bí ẹ ṣe ń gbé e lọ, ìbéèrè náà á sì wà lára ògiri láti inú pírójẹ́kítọ̀.

Ọmọ 48 lẹ ní, nítorí náà ẹ má tẹ káàdì 40 tí gbogbo èèyàn máa ń tẹ̀. Èyí tó jẹ́ 63 wà lójúùwé káàdì wọn, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tó ń bà á jẹ́ rèé. Ọ̀rá tó ń dán tí wọ́n fi ń bo bébà ni olórí ọ̀tá: ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á tàn lára rẹ̀, kámẹ́rà ò ní rí àwòrán dúdú mọ́. Ẹ lẹ káàdì mọ́ páálí lásán, tàbí kẹ́ ẹ wá ọ̀rá tí kò dán. Èkejì, ìka ọmọ tó bo ara dúdú náà. Funfun etí rẹ̀ ni kí wọ́n dì mú. Ẹ̀kẹta, káàdì tí wọ́n pààrọ̀. Nọ́ńbà káàdì ni áàpù mọ̀, kò mọ ojú ọmọ. Bí ọmọ tó ni káàdì 12 bá mú 21, máàkì rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sẹ́yìn káàdì, kó má yí padà títí tí táàmù á fi parí.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà yín á nílò dátà lásìkò náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ bí ẹ ò bá kó àwòrán ńláńlá sínú ìbéèrè. Quizizz, tó yí orúkọ padà sí Wayground ní 2025, náà ní irú káàdì bẹ́ẹ̀.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ

Òótọ́ ni Plickers. Àmọ́ Kahoot náà ṣeé ṣe bí ẹ bá lè rí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì 8 yá lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ pín ọmọ 48 sí ẹgbẹ́ 8, ẹni 6 nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ̀rọ kan fún ẹgbẹ́ kan. Mi ò kàn mú 8 lásán: hotspot inú Windows kì í gbà ju ẹ̀rọ 8 lọ, ọ̀pọ̀ fóònù Android náà kì í gbà ju bíi 10 lọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi hotspot fóònù kan gbé ọmọ 48, agbọ̀n ló fi ń pọnmi. Kẹ́ ẹ sì wo iye ẹni tí ètò ọ̀fẹ́ gbà kó tó di ọjọ́ náà, wọ́n máa ń yí i.

Ibi tí Kahoot ti ń pa èdè lára ni máàkì rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ń gba 1000, bó bá sì ṣe ń pẹ́ ni máàkì ń jò, títí á fi ku ìdajì nígbà tí àkókò bá fẹ́ tán. Ẹ fi ojú ara yín rí i: bí àkókò ìbéèrè bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10, ọmọ tó lo 5 kó tó tẹ̀ ẹ́ á gba 750. Bí ẹ bá sún àkókò sí 60, ọmọ yẹn kan náà, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 5 yẹn náà, á gba nǹkan bíi 958. Àdánù 250 ti di 42. Ọmọ tó ń ka Faransé lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ ò lè ka gbólóhùn kan tán ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, àwọ̀ pupa tàbí búlúù ni yóò kàn máa tẹ̀. 20 fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 30 fún gbólóhùn, 60 fún ohun tí wọ́n ní láti gbọ́. Ìbéèrè ò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 120 lọ, ìdáhùn ò gbọdọ̀ ju 75 lọ. Bó bá jẹ́ àyọkà lẹ fẹ́ kí wọ́n kà, ojú pátákó ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́fà, ẹnì kan ló máa gba fóònù tí kò ní fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kí fóònù kọjá sápá ọ̀tún lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, òfin ni. Ẹ tún kọ gbólóhùn kúkúrú márùn-ún sójú pátákó tí wọ́n á fi máa jiyàn: *Je pense que c'est…*, *Je suis d'accord*, *Tu es sûr ?*, *Attends !*, *À toi*. Láìsí ìyẹn, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi jiyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Faransé á kàn jókòó sójú ògiri.

Etí Lọba

Gbogbo èyí dára, àmọ́ ẹ ò tíì kan ohun tí ẹ máa fi sínú eré náà. Àwọn tó ṣe eré tó kún orí ayélujára yẹn ò ṣe é fún ọmọ Yorùbá. Wọ́n ń bi ọmọ léèrè *chat* àti *chien*, ta ló ń ṣi ìyẹn? Ibi tí etí àti ẹnu tiwa ti ń kọsẹ̀ ni kí ẹ kọ́ eré lé, ọwọ́ ara yín lẹ sì máa fi ṣe é.

Ibi mẹ́rin ni mo máa kọ́kọ́ mú.

S àti Z. Yorùbá ò ní Z, nítorí náà *poisson* tó jẹ́ ẹja àti *poison* tó jẹ́ májèlé á di ọ̀kan. Èyí tó le jù níbẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àárín ọ̀rọ̀ méjì ló wà: *nous avons* àti *nous savons*, *ils ont* àti *ils sont*, *ils aiment* àti *ils s'aiment*. Z àti S nìkan ló yà wọ́n. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ọ yóò máa kọ *ils sont un chien* nínú ìdánwò, olùkọ́ á sì rò pé gírámà ni kò mọ̀.

V àti F. *Vin* àti *fin*, *ils vont* àti *ils font*. Ọmọ tó bá pe *vous* bíi *fou* ti pe olùkọ́ ní wèrè láìmọ̀.

U ti Faransé. *Tu* àti *tout*, *rue* àti *roue*, àti èyí tó léwu jù, *dessus* àti *dessous*: òkè ni ọ̀kan, ìsàlẹ̀ ni èkejì. Ẹ ní kí wọ́n pe "i", kí wọ́n má mira, kí wọ́n wá ká ètè jọ bíi ẹni tó fẹ́ súfèé. Ohun tó bá jáde nìyẹn.

An àti on. Ìró àránmúpè ò yọ wá lẹ́nu rárá, ọmọ Yorùbá sàn ju ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ níbẹ̀. Ìṣòro wa ni pé "an" inú *ìtàn* àti "ọn" inú *ìbọn* jẹ́ ìró kan náà létí ọ̀pọ̀ wa, ọ̀nà ìkọ̀wé ló kàn yàtọ̀. Àwọn Faransé yà wọ́n sọ́tọ̀: *vent* àti *vont*, *sang* àti *son*, *cheveux blancs* àti *cheveux blonds*.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ di eré: ẹ wá ohùn àwọn tó ni èdè lórí Forvo, ojúùlé tí wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ sétígbọ̀ọ́, tàbí kẹ́ ẹ gba ohùn ẹni tó mọ̀ ọ́n pè dáadáa sórí fóònù. Ẹ gé e nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé ohùn, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé e jáde ní MP3, mono, 64 kbps. Ìṣẹ́jú kan kì í ju nǹkan bíi 480 KB lọ. Ẹ má kó ohùn yìí sínú Plickers tàbí Kahoot. Láti inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣí i, kí ìbéèrè ojú ògiri kàn máa jẹ́ *Qu'est-ce que vous entendez ?* Ní ìpele kìíní, ohùn méjì lẹ máa ṣí tẹ̀ léra: A bó bá jẹ́ ọ̀kan náà, B bó bá yàtọ̀. Ọmọ tí kò bá tíì gbọ́ ìyàtọ̀ ò lè dárúkọ rẹ̀, ẹ má fo ìpele yìí. Ní ìpele kejì, ohùn kan, kí wọ́n wá mú *avons* tàbí *savons*. Ìbéèrè 10 tó, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa ṣí ohùn kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ ohùn ọkùnrin àti ti obìnrin.

Ẹnu kọ̀ǹpútà kò lè gbé Z dé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ẹ lo sípíkà. Bó bá jẹ́ ti Bluetooth, ó máa ń gé orí ohùn jẹ lẹ́yìn tó bá ti sinmi díẹ̀. Ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá síwájú ohùn kọ̀ọ̀kan nínú Audacity, ìṣòro yẹn á lọ.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ

@Etí Lọba, ẹ kú làákàyè. Ti ẹnu náà wà: bọ́tìnnì ohùn orí Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google orí fóònù. Ẹ fi Faransé kún èdè rẹ̀, ẹ so fóònù mọ́ pírójẹ́kítọ̀, kí ọmọ sọ̀rọ̀ kí gbogbo kíláàsì rí ohun tí ẹ̀rọ gbọ́.

Etí Lọba

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Kì í ṣe etí nìkan ló ń lò, ó ń méfò láti inú gbólóhùn. Bí ọmọ bá sọ *je mange du poisson* pẹ̀lú Z, ẹ̀rọ á ṣì kọ ẹja sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń jẹ májèlé. Inú ọmọ á dùn, kò sì tíì pè é. Gbólóhùn tí ọ̀nà méjèèjì bá ti tọ̀nà ni kí ẹ lò: *nous avons tout* àti *nous savons tout*, *ils vont bien* àti *ils font bien*, *c'est dessus* àti *c'est dessous*. Ẹnu fóònù kó jìnnà sí ẹnu ọmọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí kíláàsì dákẹ́. Ẹ má fi fún máàkì o, kì í gbọ́ ohùn ọmọdé dáadáa nígbà gbogbo.

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ láti ìhà Benin níbí. Nọ́ńbà ni mo fẹ́ fi kún un, torí níbẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà ti ń sọnù bó bá dé ọjà wa. Láti 70 dé 99.

Ẹ lo oǹkà Yorùbá ṣe àtẹ̀gùn. *Quatre-vingts* ni ogún mẹ́rin, ọgọ́rin gan-an nìyẹn. Ọ̀nà kan náà ni Faransé àti Yorùbá gbà dé 80. Ní 90 ni wọ́n ti pínyà: Faransé ń fi 10 kún 80, *quatre-vingt-dix*, àwa ń yọ 10 nínú 100, àádọ́rùn-ún. Ní 70 náà bẹ́ẹ̀: 60 pẹ̀lú 10 lọ́dọ̀ wọn, 80 dín 10 lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó bá ti rí èyí kò ní máa kọ 4, 20, 10 sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ nígbà tó bá gbọ́ *quatre-vingt-dix*.

Eré rẹ̀: ẹ kọ iye owó ọjà 15 sínú Google Translate, *trois mille soixante-quinze francs*, *quatre mille quatre-vingt-douze francs*, irú èyí tí eti ò lè méfò. Ẹ tẹ àmì ohùn rẹ̀, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì á rọra pè é. Àwọn ọmọ á kọ nọ́ńbà sórí síléètì tàbí bébà, wọ́n á gbé e sókè. Ẹ kọ iye náà ní ọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ ní nọ́ńbà, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ pè kó tó pè é. Tí ọwọ́ wọn bá ti mọ́ ọn, ẹ yí i padà: orí àgbá ayípo Wordwall, ẹ kó 60 sí 99 sí i, ibi tó bá dúró sí ni ẹgbẹ́ á pè.

Àwọn ìdánrawò ọ̀fẹ́ TV5Monde tún wà, láti ìpele A1 ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ dé B2. Ìròyìn *français facile* ti RFI ga ju JSS2 lọ, ó tó ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó fún SS3, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni kí ẹ gé nínú rẹ̀.

Dátà Tán

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé dátà á máa wà. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ láàárín ìbéèrè kẹta ńkọ́? Ẹ kọ́ Hot Potatoes. Yunifásítì Victoria ní Kánádà ló ṣe é, ó ti pẹ́, kò rẹwà, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí Windows lẹ máa gbé e sí. JCloze ni ti àlàfo, JMatch ni ti ìsopọ̀, JCross ni ti ọ̀rọ̀ ìdábùú, JMix ni ti gbólóhùn tí wọ́n tú ká. Tí ẹ bá parí, ẹ gbé e jáde ní HTML, fáìlì kan tí Chrome á ṣí bí ojúùwé. Ẹ fi fíláàṣì kó o sórí kọ̀ǹpútà yàrá ẹ̀rọ, ó parí.

Ìkìlọ̀ méjì. Nínú JMix, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tó tọ̀nà sí i. *Demain je vais au marché* àti *je vais au marché demain* ni méjèèjì. Bí ẹ bá kọ ọ̀kan ṣoṣo, ẹ̀rọ á ní ọmọ tó gbà á ṣì í. Nínú JCloze, ẹ ṣọ́ra fún àmì òkè inú *l'eau*. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan ń tẹ èyí tó dúró ṣánṣán ('), àwọn kan ń tẹ èyí tó tẹ̀ (’). Lójú ẹ̀rọ, méjèèjì lè jẹ́ ọ̀tọ̀, nítorí náà ẹ fi wọ́n sí i bí ìdáhùn méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí fóònù 8 yẹn rí i, router lásán tó, kó má ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ẹ lọ sínú fódà tí fáìlì wà, ẹ ṣí ojú àṣẹ (Command Prompt), ẹ tẹ:

python -m http.server 8000

Ẹ tẹ ipconfig láti mọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ 192.168.0.5, http://192.168.0.5:8000 ni wọ́n máa tẹ̀ sórí fóònù. Python ní láti ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀. Máàkì ò ní pamọ́ síbì kankan o, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Olùkọ́ JSS2

Ẹ ṣé gan-an ni. Bí fóònù bá wá sọ pé Wi-Fi yìí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ojúùwé náà ò sì ṣí.

Dátà Tán

Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, Android ń sá kúrò lórí Wi-Fi tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, á padà sórí dátà láìsọ fún yín. Ẹ pa dátà fóònù náà, tàbí kẹ́ ẹ gbà fún un nígbà tó bá béèrè bóyá kí òun dúró. Èkejì, Windows máa ń dí ọ̀nà mọ́ Python. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ àṣẹ yẹn, á béèrè àyè: ẹ mú nẹ́tíwọ̀kì àdáni, ẹ gbà fún un. Ẹni tó bá ti tẹ Cancel tẹ́lẹ̀ ní láti wọ inú Firewall lọ tún un ṣe.

Àwọn ọmọ tún máa ń tẹ kọ́mà dípò dọ́ọ̀tì nínú àdírẹ́sì náà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó.

Olùkọ́ Sátidé, London

Yorùbá ni a ń kọ́ àwọn ọmọ níbí, òun ló jẹ́ èdè àjèjì fún wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yín kàn wá. Fóònù pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àmì ni wàhálà wa. Eré tí ọmọ ti ń tẹ ìdáhùn fúnra rẹ̀ máa ń kọ "ọkọ́" tó tọ̀nà sílẹ̀ pé ó ṣì í. Kí ló fà á?

Onímọ̀ Ẹ̀rọ

Kò sí ẹ́ tàbí ọ́ kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí ẹ̀rọ gbogbo ń lò. É wà, ẹ wà, àmọ́ èyí tó ní àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, á fi ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ọ ni. Kíbọ́ọ̀dù kan á fi àmì òkè lé ẹ, òmíràn á fi àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ é, ẹ̀kẹta á mú e lásán kó wá to méjèèjì lé e. Ojú èèyàn rí i bákan náà, ẹ̀rọ tí kò bá tò wọ́n dọ́gba kó tó fi wéra á ní wọ́n yàtọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yàn án. Ohùn kan, ìdáhùn mẹ́rin: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ohùn gan-an lẹ fẹ́ dán wò, ẹ ò dán kíbọ́ọ̀dù wò. Bí ẹ bá ní dandan kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí gbogbo ẹ̀rọ lo kíbọ́ọ̀dù kan náà, Gboard Yorùbá lórí fóònù tàbí Keyman lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀yin náà fi kíbọ́ọ̀dù yẹn tẹ ìdáhùn sílẹ̀.

Fún àwọn ti Faransé: lórí Windows, ẹ mú kíbọ́ọ̀dù US International. Ẹ kọ́kọ́ tẹ àmì, kí ẹ tó tẹ lẹ́tà: ' àti e á di é, ` àti e á di è, ^ àti e á di ê, ' àti c á di ç.

Páálí àti Kámẹ́rà

Ẹnìkan dárúkọ Blooket lókè. Ẹ jẹ́ n sọ ojú abẹ níkòó: àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ torí pé èdè ò pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú Tower Defense, ilé ìṣọ́ ni wọ́n ń tò. Nínú Gold Quest, ọmọ tí kò mọ nǹkan kan lè jí wúrà ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó sì gbé ipò kìíní.

Dátà Tán

Mi ò gbà pátápátá. Ọmọ tó ti gbà pé òun ò lè mókè láéláé ń padà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn nígbà tí oríire bá wọ̀ ọ́. Fún àtúnyẹ̀wò ọjọ́ Ẹtì, kò burú.

Páálí àti Kámẹ́rà

Ó dáa, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ jókòó ti ọmọ kan fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ka iye ìbéèrè Faransé tó dáhùn. Bí kò bá tó 20, eré ló ń ṣe. Quizlet Live sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ̀rọ bá tó: ìdáhùn wà lójú ẹ̀rọ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì ṣì í, wọ́n padà sí òdo. Ó kéré tán, ẹni 4 ló gbọ́dọ̀ wọlé kó tó bẹ̀rẹ̀.

Onímọ̀ Ẹ̀rọ

Kí ẹ tó kó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta sórí ojúùlé kan: Microsoft pa Flip, níbi tí ọmọ ti ń fi fídíò dáhùn, tì ní 2024, Google pa Jamboard, pátákó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tì ní ìparí ọdún yẹn kan náà. Inú táábìlì Excel tiyín ni kí ọ̀rọ̀ àti ìbéèrè yín máa gbé: Faransé, ìtumọ̀, akọ tàbí abo, orúkọ fáìlì ohùn. Láti ibẹ̀ ni ẹ ti máa kó o lọ sínú Quizlet, Anki tàbí Kahoot. Nígbà tí ẹ bá ń pa á mọ́, ẹ mú "CSV UTF-8", ẹ má mú CSV lásán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ é lè bàjẹ́, ẹ àti ọ tiwa á sì di àmì ìbéèrè.

Olùkọ́ JSS2

Mo ti ń to ìbéèrè Plickers àkọ́kọ́. Ẹ bá mi yẹ ẹ́ wò:

1. ___ plage est belle. A: Le, B: La
2. ___ village est petit. A: Le, B: La
3. Ils ___ trois enfants. A: ont, B: sont
4. ___ nation est grande. A: Le, B: La
5. 92 : A: quatre-vingt-deux, B: quatre-vingt-douze, C: soixante-douze

Etí Lọba

Ẹ kú ìyára. Nọ́ńbà 1 àti 2 dára pa pọ̀, torí *-age* sábà máa ń jẹ́ akọ, *plage* wà lára àwọn tó yà bàrà, pẹ̀lú *image*, *page* àti *cage*. Àmọ́ ìdáhùn méjì péré ni: ọmọ tó di ojú mú káàdì á gba ìdajì. Ẹ kó ìbéèrè akọ àti abo mẹ́ta sínú ọ̀kan, kí A jẹ́ *le, la, la*, kí B jẹ́ *la, le, la*, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé D. Nọ́ńbà 5 dára, ẹ fi *quatre-vingt-dix-deux* ṣe D, ọ̀pọ̀ á kó sí i.

Nọ́ńbà 3 ò lè lọ bẹ́ẹ̀. Méjèèjì tọ̀nà: wọ́n ní ọmọ mẹ́ta ni A, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ni B. Ẹ má pa á rẹ́ o. Ẹ kàn yọ gbólóhùn náà kúrò lójú ògiri, ẹ ṣí ohùn rẹ̀ láti inú sípíkà, kí wọ́n sọ èwo ni wọ́n gbọ́.